Ìdánwò Tí Bàbá Mi Fún Káfíńtà

Ẹ̀yin tí ẹ bá gbọ́ pé eré orí kọ̀ǹpútà ló gbé mi délé ọkọ, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tẹ́rùn. Èmi náà ti rín in títí inú fi ń ro mí. Ọ̀rẹ́ mi kan pàdé ọkọ ẹ̀ níbi ìgbéyàwó, òmíràn pàdé tiẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, èmi pàdé tèmi nítorí pé ojú ń ta á.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta gíláàsì ojú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Dókítà ojú wà ní yàrá ẹ̀yìn, èmi wà níwájú. Èmi ni mò ń to férémù síwájú àwọn èèyàn, tí mò ń sọ fún wọn pé èyí bá yín mu, èyí ò bá yín mu. Tí kò bá bá ọ mu, màá sọ fún ọ. Ọ̀gá mi a ní, "Ẹnu ẹ yìí á lé oníbàárà lọ lọ́jọ́ kan." Mo ní kí wọ́n máa lọ nígbà náà, kí wọ́n lọ máa ya ojú bí òwìwí káàkiri.

Ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan wọlé, lẹ́búlẹ́bú pákó wà nínú irun ẹ̀, pẹ́ńsùlù wà létí ẹ̀, kò tiẹ̀ rántí pé ó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pè é ní Káfíńtà.

"Ojú ń ta mí," ó ní. "Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, omi á máa jáde níbẹ̀."

"Kí lẹ máa ń fi ojú yẹn ṣe?"

"Kí ni mo tún máa fi ṣe? Mo fi ń ríran ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ fi ń ríran. Kí lẹ máa ń wò?"

Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè. "Ìlú mi ni. Ìlú tí mò ń kọ́ nínú kọ̀ǹpútà. Èmi ni ọba wọn."

Àgbàlagbà ọkùnrin! Mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ kan sí i, ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́ láìtijú ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ó ní òun ra gẹ́ẹ̀mù náà lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó. Kò sí ìwé ìtọ́ni kankan nínú páálí ẹ̀, èdè tí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kò sì yé òun, kò yé ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Àwòrán lásán ni òun ń tẹ̀ lé. Ó kọ́lé, ó dáko, ó mọ odi yí ìlú ká, àwọn èèyàn sì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn inú eré náà bá ti dé, wọ́n á di ẹrù, wọ́n á máa lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìlú á fi ṣófo.

"Bóyá ebi ló ń pa wọ́n," mo ní.

"Ebi kẹ̀! Gbogbo àká ló kún dẹ́nu."

"A jẹ́ pé ẹ̀yin ọba náà lẹ burú nìyẹn."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo bá a wá férémù tó bá a mu dáadáa. Kì í ṣe pé mo ti nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ o. Imú ẹ̀ ló gbé gíláàsì dáadáa.

Ìgbà tó padà wá gba gíláàsì ẹ̀, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán. "Wọ́n tún ti lọ," ó ní. Ojú ẹ̀ fà ro. Ọ̀rọ̀ náà wá ká èmi náà lára, mo délé, mi ò lè gbàgbé àwọn èèyàn tó ń di ẹrù lọ tí àká sì kún. Nígbà tó fi máa tún wá sí ṣọ́ọ̀bù pé ìdè kékeré tó mú apá gíláàsì ẹ̀ tú, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n wá wo ìlú yìí fúnra mi." Ẹ má rò ó síbòmíì. Ilé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ló ń gbé, nọ́ọ̀sì ni, òun ló sì ṣílẹ̀kùn fún mi nígbà tí mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Orí tábìlì tí Káfíńtà fọwọ́ ara ẹ̀ kàn ni kọ̀ǹpútà náà wà. Àǹtí Nọ́ọ̀sì gbé omi tútù fún mi, ó sì jókòó tì wá. Mo wo ìlú náà. Ó dára, kí n má purọ́: odò ń ṣàn létí ẹ̀, oko tẹ́ rẹrẹ, kànga wà láàárín ìlú, igi ńlá kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Àwòrán kéékèèké tò sísàlẹ̀, ohun tó bá wù ọ́ lo máa tẹ̀, wọ́n á sì kọ́ ọ fún ọ.

"Kí nìyí?" mo bèèrè.

"Àga gbọọrọ ni. Ọ̀ṣọ́ lásán ni. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni mo ń kan àga, mi ò lè tún wá máa kan àga nínú eré."

"Ẹ̀ ń ṣọba lórí wọn, wọn ò ríbi jókòó?"

"Ará oko ni wọ́n. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìjókòó ṣe?"

Mo ní, "Ẹ gbọ́ mi. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ọjọ́ tí wọ́n gbé àga lọ fún àtúnṣe, kò sẹ́ni tó dúró de dókítà. Wọ́n á wọlé, wọ́n á wò yíká, wọ́n á lọ." Ó ní rárá, ó ní igi ni mo fẹ́ bá òun fi ṣòfò. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, ìyá kan ti gbé ẹrù rù, ó ti ń kó àwọn ọmọ ẹ̀ lọ sójú ọ̀nà. Ta ló lè jókòó síbẹ̀ kó máa bá Káfíńtà jiyàn? Mo gba máòsì lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì to àga sábẹ́ igi yẹn yí kànga ká.

Ìyá náà dúró. Ó yíjú padà. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó lọ jókòó. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn tún tẹ̀ lé e, àfi bíi pé wọ́n ti ń retí ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá wọn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì fọwọ́ lu itan. "Ẹ gbà mí o! Káfíńtà tó ń ta àga fún gbogbo ayé, ará ìlú tiẹ̀ wà lórí ìdúró!"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Ìgbà tí mo gbójú sókè, gbogbo wa là ń wo kọ̀ǹpútà, àfi Káfíńtà. Èmi ló ń wò.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Nítorí pé kò sí ìwé tó máa sọ fún wa, àṣìṣe ló ń kọ́ wa. A jẹ́ kí ìránṣẹ́ ọba ìlú kejì dúró lẹ́nu odi pẹ́, ogun dé. Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé wọn kì í fi àlejò sẹ́nu ọ̀nà. A gé gbogbo igi etí odò, omi ya wọ ilé. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Àwa ń ṣubú, à ń wo iwájú, à ń wo ẹ̀yìn, ọrùn ń dùn wá. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Káfíńtà á sìn mí dé ibùdókọ̀, ọ̀rọ̀ eré náà la ó sì máa sọ títí. Lọ́jọ́ kan, a dé ibùdókọ̀, bọ́ọ̀sì dé, kò jẹ́ kí n wọ̀ ọ́.

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́," ó ní.

"Sọ ọ́ bó ṣe wá sí ọ lẹ́nu." Nígbà yẹn a ti dẹ́kun àtimáa pe ara wa ní ẹ̀yin.

"Mo fẹ́ ká jọ wà nílé kan náà."

"Ilé wo? Ilé ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Má fi mí ṣẹ̀sín, jọ̀ọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Mo fẹ́ fẹ́ ọ."

Mo ní kó tún un sọ, mi ò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ. Irọ́ ni mo pa, mo ti gbọ́ ọ láti ìgbà àkọ́kọ́. Inú mi dùn débi pé bọ́ọ̀sì kejì tún kọjá, mi ò rí i. Ìgbà tí mo wá wọ ẹ̀kẹta tán, tí mo jókòó, ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí. Mo rántí Bàbá mi.

Kí Bàbá mi tó fẹ̀yìn tì, àwọn tó fẹ́ gba ìwé ìwakọ̀ ló ń dán wò. Á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú ọkọ̀, á máa wo bí wọ́n ṣe ń wà á. Nílé wa, kò sí nǹkan tí a máa ń lò láìka ìwé ìtọ́ni ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí a bá ra fáànù tuntun nínú ooru, fáànù á wà nínú páálí, àwa á máa làágùn, Bàbá á ti gbé gíláàsì sójú, á máa ka ìwé ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, mi ò mọ ọkùnrin tí mo fẹ́ràn tó Bàbá kí Káfíńtà tó dé. Màmá mi mọ̀, ó máa ń sọ pé èmi àti Bàbá jọ wà ní ẹgbẹ́ kan, òun nìkan dá wà. N ò lè gba ẹ̀yìn Bàbá lọ sílé ọkọ. Ká má tiẹ̀ dá a lábàá.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?" Bàbá bèèrè.

"Káfíńtà ni, sà."

"Ó dáa. Iṣẹ́ ọwọ́ dára. Tó bá kúrò níbi iṣẹ́ ńkọ́?"

Mo mọ irọ́ pa fún gbogbo ayé, mi ò mọ̀ ọ́n pa fún Bàbá. "Ó máa ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà."

Bàbá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ó ní irùngbọ̀n?"

"Ó ní, sà."

"Ó ní irùngbọ̀n, ó sì ń ṣeré. Rárá o. Mi ò tọ́ ọ dàgbà kí o lọ máa tọ́ ọmọ tó ti hu irùngbọ̀n."

Mo bẹ̀bẹ̀, mo bínú, mo sunkún. Màmá mi ń fọ abọ́, ó kẹ̀yìn sí wa, kò dá sí i. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ojú wíwú, ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún òun, ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gungi. Ó wọ aṣọ tó dára, ó lọ bá Bàbá mi nílé. Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ gbogbo ẹ̀.

"Ẹ má bínú pé mo wá ká yín mọ́lé, sà. Àbúrò mi kò burú. Kì í mutí, kì í jà, iṣẹ́ ẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ fún un."

"Ṣùgbọ́n ó ń ṣeré."

"Eré olórí pípé ni, sà. Èèyàn á ronú níbẹ̀ títí orí á fi fọ́ ọ."

"Kó mú ìwé ìtọ́ni ẹ̀ wá kí n kà á. Tó bá jẹ́ nǹkan gidi, màá rí i nínú ìwé ẹ̀."

"Kò ní ìwé, sà."

"Kò ní kí ni?" Mo gbọ́ tí àga ró. "Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀ ọ́n?"

"Wọ́n ń ṣe é, wọ́n ń ṣì í, wọ́n ń tún un ṣe."

"Òun nìkan?"

"Òun àti ọmọ yín, sà. Wọ́n jọ ń ṣe é ni."

Mo gbọ́ tí Bàbá tún jókòó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀. "Kó gbé e wá ní Sọ́ńdè. Kó wá kọ́ mi."

Àwa rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Káfíńtà ní ohun tí òun máa ṣe ni pé òun ò ní jẹ́ kí Bàbá pàdánù, tí ìlú Bàbá bá ti gún régé, inú ẹ̀ á dùn. Èmi náà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. A ò mọ nǹkan kan.

Ní Sọ́ńdè, ó gbé kọ̀ǹpútà wá, ó kí wọn tẹ̀ríbatẹ̀ríba, ó sì fi máòsì lé Bàbá lọ́wọ́. Bàbá rọra ń ṣe é. Kò dáko, kò gbẹ́ kànga, ọ̀nà ló kọ́kọ́ là, ó là á tọ́ gbọnrangandan. "Ọ̀nà ló ṣáájú," ó ní. Káfíńtà ń fi sùúrù ṣàlàyé, òógùn ń bò ó. Ìránṣẹ́ ọba kejì dé, Bàbá fi í sẹ́nu odi. "Kò sọ fún mi pé òun ń bọ̀." Kò pẹ́, ọmọ ogun yọ lókè. Bàbá wá rí àwòrán ilẹ̀kùn odi, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe, ó sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Tó bá tẹ̀ ẹ́, odi á ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ogun.

"Bàbá, ẹ má—" Káfíńtà já máòsì gbà. Kíá, ó ti ti odi pinpin, ó ti kó àwọn jagunjagun tó mú ọ̀kọ̀ dání lọ sórí ẹ̀, ó ti lé ogun lọ. Ó yíjú sí Bàbá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé òun ṣe dáadáa.

Bàbá ká ọwọ́ lé àyà. "O fìdí rẹmi."

"Sà?"

"Ìlú ta ni?"

"Ìlú yín ni, sà."

"Ǹjẹ́ mo gbé e fún ọ?" Káfíńtà gbé máòsì kalẹ̀. "Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó bá fìdí rẹmi á lọ sílé fún oṣù mẹ́ta kó tó padà wá. Lọ fún oṣù mẹ́ta. Fi kọ̀ǹpútà yẹn sílẹ̀ níbí."

Mo pariwo. "Bàbá! Ìyàwó ló wá fẹ́, kò wá gbàwé ìwakọ̀!"

"Torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń dán an wò," Bàbá ní, ó sì wọlé lọ.

Oṣù mẹ́ta yẹn gùn. Káfíńtà ò lè wá sílé wa, ṣọ́ọ̀bù ló ń yà sí, pé ìdè gíláàsì òun tún ti tú. Ìdè yẹn ti le débi pé kò ṣeé yí mọ́. Mo máa ń ṣe bíi pé mò ń yí i bẹ́ẹ̀ náà, kí ojú ẹ̀ lè wà nítòsí mi díẹ̀. Àárò ẹ̀ ń sọ mí nígbà tó ṣì wà níwájú mi. Tó bá lọ tán, àròyé á bẹ̀rẹ̀ nínú mi: ọkùnrin wo ló máa dúró oṣù mẹ́ta torí máòsì? Àwọn obìnrin pọ̀ nígboro tí bàbá wọn kò dán ẹnikẹ́ni wò rí.

Ó wá di ọ̀sẹ̀ kan tí kò yọjú. Mi ò lè jẹun. Mo gbéra, ó di ilé Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Mo bá Àǹtí nídìí kọ̀ǹpútà mìíràn tí wọ́n yá, tí wọ́n ti fi eré náà sí, ó ń ba ìlú jẹ́, ó ń kọ́ ilé sínú odò. Káfíńtà jókòó tì í, ó fi ìdí lé ọwọ́ ara ẹ̀ méjèèjì, iṣan ọrùn ẹ̀ yọ.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó," ó ní. "Ó le ju àga kíkàn lọ."

Mo fà á jáde sí ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Jẹ́ ká lọ sí kọ́ọ̀tù ká fọwọ́ síwèé. Tó bá yá, Bàbá á gbà." Ẹ wo èmi tí mo ní ká má tiẹ̀ dá a lábàá! Ìfẹ́ ti sọ mí dìdàkudà.

Ó mirí. "Mo ti gba nǹkan lọ́wọ́ Bàbá ẹ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì."

"Tó bá tún ní o fìdí rẹmi ńkọ́?"

"Màá tún padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta míì."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ìwọ ni kí o sọ. Ìgbà wo ló máa sú ọ?"

Inú bí mi, mo wọ bọ́ọ̀sì. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti rí i pé mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn náà tún wá bí mi nínú.

Nílé, Bàbá ti di ẹlòmíràn. Ó ti lọ sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó mọ̀, ó ń bèèrè ìwé ìtọ́ni eré náà. Kò rí i. "Ta ló máa ṣe irú nǹkan báyìí kó má kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é?" Á kùn, á kùn, á tún jókòó tì í. Ìlú ẹ̀ bà jẹ́, ó tún òmíràn tẹ̀ dó. Ọjọ́ kan mo gbọ́ ẹ̀rín nínú pálọ̀, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ó pè mí, ó nawọ́ sí oríta kan nínú ìlú ẹ̀. Ó ti fi ẹ̀ṣọ́ kan síbẹ̀, àwọn kẹ̀kẹ́ ẹrù tó máa ń há mọ́ra wọn ti ń yà fún ara wọn. Èmi àti Káfíńtà ò mọ̀ rárá pé ẹ̀ṣọ́ lè ṣe irú ẹ̀. Mo wo ojú Bàbá, inú ẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé. Mo fẹ́ sọ fún un pé òun náà ní irùngbọ̀n, mo gbé e mì.

Ọjọ́ pé. Káfíńtà wá, Àǹtí Nọ́ọ̀sì sìn ín wá. Màmá mi jókòó lórí àga ọlọ́wọ́, ó ń so bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù. Èmi dúró sẹ́yìn Bàbá. Mo mọ̀ pé tí Káfíńtà bá ba èyí jẹ́, mi ò ní lè bá Bàbá ṣẹ̀fẹ̀ mọ́ láyé, mi ò sì ní lè fi Bàbá sílẹ̀.

Bàbá di máòsì mú. Ìlú ẹ̀ ti tóbi. Kò pẹ́, iná ṣẹ́yọ lẹ́bàá àká. Bàbá kò wo ibẹ̀, oríta ló ń tò.

"Iná wà lẹ́bàá àká, sà," Káfíńtà sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Mo rí i."

Káfíńtà ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Iná ran àká, ó ran ilé kan, ó ran èkejì. Bàbá gbé ife omi, ó mu díẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. Àwọn èèyàn kéékèèké ń sá kiri, ọmọ kan dúró sójú kan, kò mọ ibi tó máa gbà. Kànga wà níbẹ̀! Ẹ tẹ kànga, kí wọ́n pọnmi, iná á kú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Mo na ọwọ́ kọjá èjìká Bàbá, mo já máòsì gbà, mo tẹ kànga.

"Ẹ̀yin náà, Bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ kí gbogbo ìlú jóná ni?"

Èjìká Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ó ń sunkún, àṣé ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì kó lè nu ojú. Ó nawọ́ sí Káfíńtà. "Ìwọ, o yege." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ lo fìdí rẹmi."

"Èmi kẹ̀? Èmi kọ́ lẹ̀ ń dán wò!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Láti ìgbà tí o ti ń rá lo ti ń já ṣíbí gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń fún ọ lóúnjẹ. Mo mọ ohun tí mo bí. Bí ọkọ ẹ náà bá tún jẹ́ ajánǹkangbà, ẹ̀yin méjèèjì á jọ di sitiárìn kan mú, inú gọ́tà lẹ ó bá ara yín."

Màmá mi gbé ẹ̀wù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ sọ ìyókù fún wọn."

"Ìyókù wo?"

"Ìdí tí mi ò fi ń wakọ̀."

Láti kékeré ni mo ti rò pé ẹ̀rù ọkọ̀ ló ń ba Màmá. Màmá ló bá sọ ọ́ fúnra ẹ̀. "Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yìí, bàbá yín ní kí òun kọ́ mi. Mo fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ó gba sitiárìn lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ dúró, ó tún gbà á. Lọ́jọ́ kan mo ṣílẹ̀kùn láàárín títì, mo sọ̀kalẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn wálé. Ó parí síbẹ̀."

"Òótọ́ ni," Bàbá ní. Ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀. "Ọmọ àjèjì á máa fi ọkọ̀ gbé mi lọ sínú koríko, màá káwọ́ gbera màá máa wò ó. Ìyàwó tèmi, mi ò lè ṣe é fún. Ó ń dùn mí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe irú ẹ̀ sí ọmọ mi, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ mi ṣe é sí ọmọ ọlọ́mọ." Ó yíjú sí Káfíńtà. "O ti fojú ara ẹ rí i. Ṣé o ṣì fẹ́ ẹ?"

Mo di ẹ̀yìn àga Bàbá mú.

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti gba máòsì lọ́wọ́ mi, sà," Káfíńtà ní. "Mo rí i. Ohun tó fi ṣe dára, mo bá jẹ́ kó mú un."

"Tí kò bá wá dára ńkọ́?"

"Màá sọ fún un."

"Tí kò bá gbọ́?"

"Màá tún un sọ. A ó jà, sà. Tí a bá jà tán, màá ṣì fẹ́ ẹ."

Bàbá wò ó títí. Ó ní, "Ẹ gbé oúnjẹ wá." Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, mi ò tijú ẹnikẹ́ni. Àǹtí Nọ́ọ̀sì gbá mi mọ́ra, òun náà ń sunkún, Káfíńtà ò mọ èwo nínú wa ló máa rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ fọwọ́ síwèé ní kọ́ọ̀tù, èmi àti Káfíńtà ti wà lẹ́yìn ọkọ̀, à ń retí kí Bàbá wá jókòó sídìí sitiárìn. Ilẹ̀kùn iwájú ṣí. Màmá mi ló wọlé síbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bàbá gba apá kejì wọlé. Wọ́n ti ń jáde láràárọ̀ láti ọjọ́ ìdánwò yẹn, àwa rò pé wọ́n ń na ẹsẹ̀ ni. Àṣé Bàbá ló bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun tún kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀.

Ó wà á jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, kò dá wọn lóhùn. Bàbá di etí aṣọ ẹ̀ mú pinpin, ètè ẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Ìgbà tí a dé ibi tó yẹ ká ti yà sí kọ́ọ̀tù, Màmá kọjá ibẹ̀. Mo yanu. Káfíńtà wò mí, mo pa ẹnu dé, Ọlọ́run ló mọ bó ṣe dùn mí tó. Bàbá náà rí i. Òógùn bo iwájú orí ẹ̀, kò wí nǹkan kan. A lọ jìnnà kí Màmá tó ní, "Mo ti kọjá ẹ̀." Bàbá ní, "Ó ṣeé yí padà níwájú." Ó dé iwájú, ó yí i padà.

A pẹ́ dé. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù tó ń retí wa ti fajú ro, ó ní àwọn mìíràn wà lẹ́yìn wa, ó ní kí ló dá wa dúró. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dáhùn, Màmá mi ti bọ́ síwájú, ó gbé orí sókè, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Èmi ni mo wakọ̀ wá."